Ẹ Máa Yọ Ọ́ Lálẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Eyín Àtọwọ́dá

Ọ̀rọ̀ eyín la fẹ́ sọ lónìí, eyín àtọwọ́dá, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní dentier. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ rẹ̀ yìí, àwọn kan ti rọra fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ fọkàn balẹ̀. Rádíò kì í rí ojú ènìyàn.

Ìyá kan wá bá wa ní ilé ìwòsàn. Aṣọ ló ń tà. Ó ní bí òun bá ti fi ata kan ẹnu, ńṣe ló ń ta òun bí iná, ó ní ẹnu òun sì ń rùn, bẹ́ẹ̀ òun ń fọ ẹnu láràárọ̀. Mo ní kí ó la ẹnu kí n wò ó. Ó kọ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àwọn tó jókòó níta, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn ná.” Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n dókítà ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Mo ti ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ló tó ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ gbogbo eyín òkè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àjà ẹnu rẹ̀ pupa bí ìgbà tí ènìyàn fi epo pa á.

Mo bi í pé, “Màmá, nígbà wo lẹ yọ eyín yìí sùn gbẹ̀yìn?” Ó ronú títí. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é fún òun, ó ti tó oṣù mẹ́jọ, kò sí alẹ́ kan ṣoṣo tí òun yọ ọ́. Bí òun bá fẹ́ fọ̀ ọ́, òun á wọ ilé ìwẹ̀, òun á fi omi ṣàn án kíákíá, òun á dá a padà sẹ́nu. Mo ní kí ló dé? Ó ní ìyàwó ọmọ òun ń bá òun gbé. Òun ò fẹ́ kí ó rí òun láìní eyín lẹ́nu.

Ẹ̀yin ìyá mi, ìtìjú ló fẹ́ pa ẹnu ìyá yìí run, kì í ṣe eyín. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ẹyọ kan yìí: ẹ máa yọ eyín àtọwọ́dá yín lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ike ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ike tó pupa bí ẹran ìdí eyín, tí wọ́n wá to eyín funfun sí lára. Òmíràn ní irin nínú. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ti ẹni tí gbogbo eyín rẹ̀ ti tán, lókè ni o, nísàlẹ̀ ni o. Èkejì ni ti ẹni tó ṣẹ́ ku eyín díẹ̀ fún. Òun ni wọ́n ń ṣe ìwọ̀ irin kékeré sí, kí ìwọ̀ náà lè di àwọn eyín tó kù mú.

Kí ló ń di ti òkè mú nígbà tí kò sí eyín tí yóò fara tì? Itọ́ ni. Ẹ wo àwo méjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí a to lé ara wọn nígbà tí omi ṣì wà lára wọn. Ẹ mọ bí wọ́n ti máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín òkè ṣe ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ti ìsàlẹ̀ kì í dúró tó ti òkè, nítorí ibi tó jókòó lé kéré, ahọ́n sì ń tì í kiri. Bí tìrẹ bá ń mì díẹ̀, má rò pé ìwọ nìkan ni.

Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lálẹ́? Ẹran ìdí eyín ohun alààyè ni. Itọ́ ló ń fọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru. Bí ike bá bò ó, itọ́ kò lè ráyè dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ rò ó wò: bí ènìyàn bá wọ bàtà rọ́bà láàárọ̀, tó fi rìn lọ́jà, tó fi sùn, tó fi jí, tó tún fi rìn lọ́jọ́ kejì, kí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á dà? Bí ó ti ń rí nínú ẹnu náà nìyẹn.

Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, Candida ni wọ́n pè é fún wa nílé ẹ̀kọ́. Òun náà ló ń fa funfun tó máa ń bo ahọ́n ọmọ ọwọ́. Ó ń gbé ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí abẹ́ ike tó móoru, tó tutù rinrin, tí a kò fọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àjà ẹnu á pupa, ata á máa ta á, igun ẹnu méjèèjì á máa là, ẹnu á máa rùn. Nígbà mìíràn kò ní dunni rárá, ènìyàn kò sì ní mọ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ó tètè ń mú un. Oògùn rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n bí a bá tọ́jú ẹnu tí a kò tọ́jú eyín àtọwọ́dá náà, inú ike ni kòkòrò yóò sá pamọ́ sí, yóò sì tún padà wá.

Ẹnu nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ilẹ̀ Japan, àwọn olùwádìí tẹ̀lé arúgbó 524 tí wọ́n ti pé ọdún 85 sókè, wọ́n ṣọ́ wọn fún bí ọdún mẹ́ta. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2015 sọ pé ewu òtútù àyà lára àwọn tó ń fi eyín àtọwọ́dá sùn tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí kì í fi sùn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí a bá sùn, itọ́ díẹ̀ lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹnu bá dọ̀tí, ìdọ̀tí náà á bá itọ́ lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òtútù àyà ń ṣe fún arúgbó.

Ó dáa. Báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ bu omi sínú abọ́ fífẹ̀ kan, kí ẹ fọ̀ ọ́ lókè omi yẹn, tàbí kí ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́. Eyín yìí máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ bí ó bá tutù. Bí ó bá já lu sìmẹ́ńtì, ó lè là sí méjì, owó tí ẹ ti ná á sì di òfo.

Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, èyí tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, pẹ̀lú ọṣẹ ìwẹ̀ lásán àti omi tútù. Ẹ fọ iwájú, ẹ fọ ẹ̀yìn. Inú rẹ̀, ibi tó ń kan ẹran ìdí eyín, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ojú kì í tó. Ẹ má fi eérú fọ̀ ọ́, ẹ má fi èédú tàbí yanrìn fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọyín tó wà nínú túùbù náà lè há a lára. Bí ara ike bá ti há, ojú ibi tó há yẹn ni ìdọ̀tí á sọ di ilé. Ẹ má da omi gbígbóná sí i, torí yóò lọ́, kò sì ní bá ẹnu yín mu mọ́. Ẹ má kì í bọ inú omi Javel. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn Javel, ṣùgbọ́n ó ń ṣí àwọ̀ ike, ó sì ń jẹ irin tó wà lára rẹ̀.

Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kí ẹ wá fi í sínú omi tútù tó mọ́, nínú abọ́ tó ní ìdérí, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Àwọn egbòogi kan wà nílé oògùn tó máa ń hó bí a bá jù ú sínú omi, wọ́n dáa fún rírẹ eyín yìí. A kì í gbé e mì o, a kì í sì í fi í sẹ́nu. Ẹni tí kò bá ní owó rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ni kó dìmú, kó má ṣe ọ̀lẹ.

Ẹnu náà ńkọ́? Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, tàbí aṣọ funfun mímọ́ tí ẹ wé mọ́ ìka, nu ẹran ìdí eyín, àjà ẹnu àti ahọ́n. Ẹni tó bá ṣẹ́ ku eyín fún, kó fọ̀ wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ yọ ọ́ kí ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbé omi sínú ìgò kékeré dání, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má wé e sínú ìwé tàbí aṣọ pélébé kan kí ẹ wá kì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbá a dà nù mọ́ ìdọ̀tí láàárọ̀. Ọmọ-ọmọ yín á mú un ṣeré. Ajá á gbé e, á sì rún un wómúwómú. Abọ́ tó ní ìdérí, lórí tábìlì tàbí inú àpótí, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í rọrùn. Yóò dà bíi pé òkúta ni wọ́n kó sí ọ lẹ́nu. Itọ́ á máa pọ̀. Bí o bá fẹ́ pe “ṣ”, á máa súfèé. Sùúrù ni. Nínú yàrá rẹ, polówó ọjà rẹ sókè, ka owó láti oókan dé ogún, máa ṣe é lójoojúmọ́. Ahọ́n á kọ́ ilé tuntun náà. Oúnjẹ tó rọ̀ ni kí o kọ́kọ́ máa jẹ: àkàsà, ẹ̀wà tó jinná, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀. Gé e wẹ́wẹ́, kí o sì fi ọ̀tún àti òsì jẹ ẹ́ pọ̀, kí ó má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Má fi eyín iwájú ya ẹran tàbí àgbàdo sísun. Bí o bá fi iwájú fà á, ẹ̀yìn á gbéra.

Nǹkan méjì wà tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún ni. Àkọ́kọ́, ike tó bo àjà ẹnu kì í jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé oúnjẹ gbóná. Kókó tó ń hó lè kọjá lẹ́nu láìta ọ́, kó wá bó ọ̀nà ọ̀fun. Fi ètè tọ́ ọ wò ná. Èkejì, kì í jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé egungun ẹja wà lẹ́nu. Ìka ni kí o fi wá egungun kí o tó fi ẹja sẹ́nu, má fi ahọ́n wá a bíi ti àtijọ́.

Bí ó bá ń ha ọ́, tó sì dá egbò sí ọ lẹ́nu, má gbé e jù sínú àpótí pé owó mi ti ṣòfò. Má sì fi ọ̀bẹ fá a. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Bí o bá lè fara dà á, wọ̀ ọ́ fún wákàtí díẹ̀ kí o tó lọ, kí ó lè rí ojú ibi tó ti ń ha ọ́ gan-an, kó sì gé ibẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ti oníwọ̀ irin, eyín tó kù lẹ́nu yín ni òpó ilé yẹn. Oúnjẹ máa ń fara pamọ́ sí ìdí ìwọ̀, eyín ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bí òpó bá wó, òrùlé á bá a lọ. Nítorí náà, fífọ eyín yẹn kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sẹ́nu, ìka ni kí ẹ fi tì í wọlé. Ẹ má pa eyín dé lé e lórí pé kó wọlé fúnra rẹ̀, ìwọ̀ náà á tẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Eyín àtọwọ́dá kékeré, ti eyín kan tàbí méjì, tí ìwọ̀ rẹ̀ ti dẹ̀ tàbí tó ti kán, ènìyàn lè gbé e mì, pàápàá lójú oorun. Bí ẹni kan bá jí tí eyín rẹ̀ kò sí lẹ́nu, tí ọ̀fun ń dùn ún, tí kò lè gbé itọ́ mì, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní òkèlè ẹ̀bà pé kó fi tì í lọ, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ìwọ̀ irin lè ya ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ sọ fún dókítà ní gbangba pé eyín àtọwọ́dá ni, nítorí ike kì í hàn dáadáa nínú fọ́tò tí wọ́n ń yà. Bí ìtìjú bá dí yín lẹ́nu níbẹ̀, ẹ̀mí ló lè gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé, “Eyín mi bá mi mu tẹ́lẹ̀, kí ló dé tó fi ń ṣí báyìí?” Eyín náà kò yí padà. Egungun tó wà lábẹ́ ẹran ìdí eyín ló ń fà sẹ́yìn bí a bá ti yọ eyín tòótọ́. Ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń fà jù, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró pátápátá. Dókítà eyín lè fi ike tuntun kún inú rẹ̀ kó tún lè bá ẹnu mu. Bí ó bá ti tó bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ pààrọ̀. Nítorí náà, kódà bí kò bá sí eyín kan lẹ́nu yín, ẹ máa rí dókítà eyín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Bí ó bá kán, ẹ má fi àtè tí wọ́n fi ń lẹ bàtà lẹ̀ ẹ́. Májèlé ni nínú ẹnu, kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lè tún un ṣe dáadáa mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pé òun á fi ike lẹ eyín mọ́ yín lẹ́nu láàárín wákàtí kan, tí kò ní ṣeé yọ mọ́, ẹ sá fún un. Ike tí kò ṣeé yọ kò ṣeé fọ̀ lábẹ́, ó sì lè ba àwọn eyín tó kù jẹ́.

Nígbà wo ló yẹ ká sáré lọ sílé ìwòsàn? Bí egbò, tàbí ibi tó funfun tàbí tó pupa nínú ẹnu, kò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí nǹkan bá wú tí kò lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde láìnídìí. Bí gbígbé oúnjẹ mì bá ń ṣòro. Kò túmọ̀ sí pé àìsàn burúkú ni, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ẹnu a máa bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sàn kí a tètè bá a. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń jẹ tábà kò gbọdọ̀ dúró rárá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń tọ́jú àgbà, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Bí ìyá bá dákú, bí eyín àtọwọ́dá bá ń mì lẹ́nu rẹ̀ tó sì ṣeé yọ láìfi ipá, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá ń gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ní in lẹ́nu. Bí ìyá bá ṣàdédé kọ oúnjẹ, kí ẹ tó sọ pé ó ń ṣagídí, ẹ wo inú ẹnu rẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ egbò ló wà níbẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ẹnu rẹ̀ tí kò léyín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló ń mú kí wọ́n fi í sùn.

Ìyá aláṣọ ńkọ́? A fún un ní oògùn, ó sì ń yọ eyín náà lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà wá, òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kò ní kí n ti ilẹ̀kùn mọ́. Àjà ẹnu rẹ̀ ti mọ́, ata kò ta á mọ́. Mo bi í bó ṣe ṣe é nílé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Ó ní, “Màmá rò pé mi ò mọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á ni mo ti mọ̀. Èmi náà ni kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.” Wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín. Òun ló ń bu omi sínú abọ́ báyìí, tó ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ lálaalẹ́.

Ẹ̀yin ìyá mi, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ ń fi í pamọ́ fún nílé ti mọ̀ tipẹ́. Lálẹ́ òní, ẹ wá abọ́ kan tó ní ìdérí, ẹ bu omi tútù sí i. Ilẹ̀ á mọ́ bá wa láyọ̀ o. Ó dìgbà kan ná.